Formulation: ìtàn tí káàdì ọsibítù kò gbà

Àǹtí mi kan wà ní Ìyárà tí ọkọ rẹ̀ kú. Kí ọdún tó yí po, àwọn ẹbí ọkọ ti gba oko kaṣú tí òun àti olóògbé jọ gbìn. Oorun dá lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń pè é láti ẹ̀yìnkùlé, ó sì máa ń gbé oúnjẹ jáde fún un. Èmi ni mo bá a lọ sí ọsibítù. Dókítà bi í ní ìbéèrè díẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sórí káàdì: schizophrenia, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tó lè mú èèyàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Nínú ọkọ̀ tí à ń bọ̀, ó na káàdì náà sí mi pé kí n kà á. Mo kà á títí, kò gún régé lẹ́nu mi. Ó wá bi mí pé, "Ṣé wọ́n kọ ọ̀rọ̀ oko yẹn síbẹ̀?"

Wọn ò kọ ọ́.

Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan tí àwọn onímọ̀ ìlera ọkàn ń lò: formulation. Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ mọ diagnosis, ìyẹn orúkọ tí dókítà fún àìsàn.

Bí ọmọ bá ní ibà ní Kàbà, nọ́ọ̀sì á gún un lọ́wọ́, á kán ẹ̀jẹ̀ sórí ohun àyẹ̀wò pẹlẹbẹ kan. Bí ìlà kejì bá yọ, ibà ẹ̀fọn ni. Orúkọ yẹn ní ẹ̀rí nínú ẹ̀jẹ̀. Ti àìsàn ọpọlọ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí àwòrán orí tí yóò sọ pé schizophrenia nìyí, tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn nìyí. Àyẹ̀wò ṣe pàtàkì o, torí ibà tó wọ orí, wárápá àti ìfarapa orí lè mú èèyàn máa sọ ìsọkúsọ, ó sì yẹ kí wọ́n yẹ ìwọ̀nyẹn wò ná. Ṣùgbọ́n orúkọ gan-an, etí àti ojú ni dókítà fi ń wá a, á wá fi ohun tó gbọ́ wé ìwé tó to àmì àìsàn ọpọlọ lẹ́sẹẹsẹ. Ìwé ti Amẹ́ríkà ni DSM, tó kọ́kọ́ jáde ní 1952. Àmì 9 ló kọ fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Bí 5 bá wà lára ẹnì kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ìbànújẹ́ tàbí àìní inú dídùn sí ohunkóhun sì wà lára wọn, tí wọ́n sì ń ni ín lára tàbí dí ìgbé ayé rẹ̀ lọ́wọ́, orúkọ náà lè jẹ́ tirẹ̀.

Mi ò kẹ́gàn ìwé náà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí dókítà Lọ́kọ́jà àti ti Ìlọrin gbọ́ ara wọn yé, kí wọ́n sì mọ oògùn tí wọn ó yàn. Ṣùgbọ́n kì í sábà béèrè ibi tí ẹkún ti wá. Ẹ̀dà kẹrin rẹ̀ ṣì sọ pé bí èèyàn bá ń ṣọ̀fọ̀, kí wọ́n fún un ní oṣù méjì, àfi tó bá le gan-an, kí wọ́n tó pe ẹkún rẹ̀ ní àìsàn. Ẹ̀dà karùn-ún, ti 2013, yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó bá ti bá opó gbélé rí mọ̀ pé oṣù méjì pàápàá kò tó nǹkan.

Formulation ni àlàyé tí olùtọ́jú àti ẹni tí ìnira bá jọ ń kọ, nípa bí ìnira náà ṣe dé àti ohun tí kò jẹ́ kó lọ. Diagnosis ń béèrè pé, "Kí ló ń ṣe ọ́?" Formulation ń béèrè pé, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ? Kí ni wọ́n ṣe sí ọ? Kí lo rò pé ó túmọ̀ sí? Ọgbọ́n wo lo dá kí ó má baà bò ọ́ mọ́lẹ̀? Ta ló wà lẹ́yìn rẹ? Kì í ṣe ìdájọ́. Bí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un kọ.

Ní 2018, Lucy Johnstone àti Mary Boyle, àwọn onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìlànà kan jáde tó ní irú ìbéèrè wọ̀nyí lè rọ́pò orúkọ àìsàn. Ọ̀pọ̀ dókítà kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ń lo méjèèjì pọ̀. Tèmi ni pé orúkọ tó ṣílẹ̀kùn oògùn fún èèyàn wúlò, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ dá nìkan wà lórí káàdì. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí já oògùn rẹ̀ lójijì. Ó léwu. Dókítà ni kó bá sọ ọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tiwa náà, abísínwín. Orúkọ yẹn gbé ìtàn dání: obìnrin yìí bímọ ni, ó rẹ̀ ẹ́, ẹ bá a gbé ọmọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ti pe èèyàn ní wèrè, ìtàn rẹ̀ parí síbẹ̀. Àwa Òkun, ìyẹn àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, "òkun o" la fi ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, òun náà la fi ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Nígbà tí àǹtí mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ jáde, àwọn tó ń kí i ní òkun tẹ́lẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ó dùn mí títí di òní.

Àwọn ibòmíràn wà tí wọ́n ń fàyè gba ìtàn aláìsàn. Ní Zimbabwe, ìnira ọkàn ni wọ́n ń pè ní kufungisisa, ìyẹn àròjù. Láti 2006 ni dókítà Dixon Chibanda ti kọ́ àwọn ìyá àgbà níbẹ̀ láti jókòó lórí bẹ́ǹṣì ìta, kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo, kí wọ́n sì jọ wá ọ̀nà àbáyọ sí ìṣòro kan lẹ́ẹ̀kan. Ní Tornio, ní àríwá Finland, láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bá ránṣẹ́, àwọn olùtọ́jú á dé bá ìdílé, ìdílé ọ̀hún sì jókòó pẹ̀lú aláìsàn fúnra rẹ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìpàdé mọ̀lẹ́bí kò ṣàjèjì sí wa, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti kan orí, aláìsàn á wà ní yàrá, àwa á máa jíròrò rẹ̀ ní pálọ̀. Bẹ́ẹ̀ ọmọ Yorùbá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, ti bẹ̀rẹ̀ irú nǹkan yìí ní Aro, l'Abẹ́òkúta, ní 1954: aláìsàn àti mọ̀lẹ́bí kan tó ń se oúnjẹ fún un ń gbé láàárín ará abúlé, ó ń ṣiṣẹ́ oko, ó sì ń gba ìtọ́jú.

Nígbà tó yá, mo mú ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan, mo jókòó ti àǹtí mi, mo kọ ohun tó sọ, kí a lè mú un lọ nígbà tí a bá padà sí ọsibítù. Mo kà á sí i létí: "Ọkọ yín kú lójijì, ní ọ̀sán. Kí ẹ tó sunkún tán, wọ́n gba oko tí ẹ fọwọ́ ara yín gbìn. Kò sẹ́ni tó bá yín dá sí i. Ẹ̀rù ń bà yín pé ilé ló kàn."

Ó mi orí. Ó ní kí n pa ọ̀sán rẹ́.

"Ìrọ̀lẹ́ ni. Mo ti bu oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀."