Ìrora ara

Ìrora ni ìmọ̀lára tó ń jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé nǹkan ti ṣe ẹran ara òun léṣe, tàbí pé ó fẹ́ ṣe é léṣe. Orí iṣan ìmọ̀lára tí ojú lásán kò lè rí pọ̀ káàkiri awọ ara. Òmíràn ń mọ ìfọwọ́kàn, òmíràn ń mọ òtútù tàbí ooru. Àwọn kan wà tí kì í dáhùn àfi bí nǹkan bá le débi tó lè ṣeni léṣe. Iṣẹ́ tí àwọn wọ̀nyí bá jẹ́ fún ọpọlọ ló ń di ìrora.

Bí epo gbígbóná bá ta sí aláàkàrà lọ́wọ́ ní ọjà Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, á ti fa ọwọ́ sẹ́yìn kó tó pariwo. Okùn ìmọ̀lára inú eegun ẹ̀yìn ló pàṣẹ yẹn, kò dúró de ọpọlọ. Lẹ́yìn náà ni ìrora á dé lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́ mú bí abẹ́rẹ́: iṣan tó ń sáré tó mítà 5 sí 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló gbé e. Èkejì, tó ń jóni tó sì ń roni pẹ́, ń gba iṣan tín-ín-rín tí eré rẹ̀ kì í sábà ju mítà 2 lọ.

Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ òkúta máa ń fọwọ́ ra ibẹ̀, ìrora náà á sì rọlẹ̀ díẹ̀. Ní 1965, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Ronald Melzack àti Patrick Wall sọ pé ẹnubodè kan wà nínú okùn ẹ̀yìn, tí ìfọwọ́kàn lè tì mọ́ ìrora. Àfiwé yìí kò ní ṣàjèjì sí ará Kétu, ìlú Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tó lókìkí.

Ata kì í jó awọ ẹnu rárá. Èròjà rẹ̀, capsaicin, ló ń jí ẹnu ọ̀nà kan náà lára iṣan tí ooru tó ju ìwọ̀n 43 Sẹ́síọ́ọ̀sì ń jí, ọpọlọ á sì gbà pé iná ni. Omi kì í fọ̀ ọ́ lọ, wàrà sàn jù. David Julius ló ṣàwárí ẹnu ọ̀nà náà, tí òun àti Ardem Patapoutian, tó wádìí ìfọwọ́kàn, fi jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021.

Ìrora lè ṣini lọ́nà: àìsàn ọkàn lè máa dun ènìyàn ní apá òsì. Àìmọ̀ ọ́n lára ló léwu jù. Ẹ̀tẹ̀ àti àtọ̀gbẹ lè pa iṣan ẹsẹ̀, tí ènìyàn á fi tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ láìmọ̀. Ní ẹkùn Plateau, níbi tí Kétu wà, egbò Buruli jẹ́ irú rẹ̀. Oró tí kòkòrò rẹ̀ ń tú jáde ń jẹ ẹran ara, ó sì ń mú iṣan ìmọ̀lára dákẹ́. Ọmọdé lè gbé kókó rẹ̀ kiri fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìsunkún, nítorí náà ọ̀pọ̀ aláìsàn ti ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ilé ìtọ́jú àrùn náà ní Pobè. Oògùn rifampicin àti clarithromycin fún ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n fi ń wò ó. Èyí tó bá ti fẹ̀ lè gba iṣẹ́ abẹ.