Bí òdòdó búlúù orí òkè Andes ṣe ń hù, àti bí a ṣe ń gbìn ín

Ní Chile, lórí àwọn òkè Andes tó wà nítòsí Santiago, olú ìlú orílẹ̀-èdè náà, níbi tó ga tó 2,000 sí 3,000 mítà, òdòdó kékeré kan wà tí àwọ̀ búlúù rẹ̀ jinlẹ̀ débi pé fọ́tò kì í sábà gbé e bó ṣe rí. Tecophilaea cyanocrocus ni wọ́n ń pè é. Ẹwà yìí ló kó bá a. Wọ́n ń wú u nílẹ̀ ṣáá láti tà á, àwọn ẹran ọ̀sìn náà ń jẹko níbi tó ń hù sí, títí àwọn onímọ̀ fi gbà pé kò sí nínú igbó mọ́. Ọdún 2001 ni wọ́n tó tún rí i tó ń hù fúnra rẹ̀, ní gúúsù Santiago.

Abẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Iṣu kékeré kan ló ní (kì í ṣe iṣu tí à ń jẹ), èèpo rẹ̀ sì rí bí okùn wẹ́wẹ́ tí wọ́n hun pọ̀. Ìgbà òtútù ni òjò ń rọ̀ lágbègbè yẹn; ìgbà ooru gbẹ táútáú. Nítorí náà, bí ooru bá ti mú, iṣu á sùn. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, á yọ gbòǹgbò. Yìnyín á wá bò ó mọ́lẹ̀, ìbòrí yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí òtútù líle dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí yìnyín bá ń yọ́ ló ń tanná. Láàárín ìgbà kan náà, iṣu àtijọ́ á ná gbogbo oúnjẹ inú rẹ̀ tán, á rọ, tuntun á sì ti máa wú lórí rẹ̀. Iṣu tuntun yìí ni òdòdó ọdún tó ń bọ̀, ewé ló sì ń bọ́ ọ. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìgbà tí òdòdó rọ fi ṣe pàtàkì ju ìgbà tó tanná lọ. Ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa á, torí wọ́n rò pé ó ti parí.

Nínú ìkòkò ló rọrùn jù láti tọ́jú rẹ̀. Kí ilẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ bí ìdajì yanrìn hánránhánrán àti òkúta wẹ́wẹ́, kí omi má lè dúró. A ó ri iṣu bọlẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5, ní Sẹ́tẹ́ńbà tàbí Ọ́kútọ́bà fún àwọn tó wà ní apá àríwá ayé. A ó bomi rin ín dáadáa lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà díẹ̀díẹ̀ títí ewé yóò fi yọ. Láti ìgbà náà, kò gbọdọ̀ gbẹ. Òtútù díẹ̀ kò ní ṣe é ní nǹkan kan, àmọ́ bí ilẹ̀ inú ìkòkò bá dì gbagidi, iṣu á jẹrà. Ilé onígíláàsì tí kò ní ẹ̀rọ amúlégbóná, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba inú rẹ̀, ló bá a mu jù. Níbi tí kò ti sí ìgbà òtútù rárá, kò ní ṣe dáadáa.

Bí òdòdó bá rọ, ká máa fún un ní ajílẹ̀ olómi fẹ́ẹ́rẹ́ tí pọ́táṣíọ̀mù rẹ̀ pọ̀ ju náítírójìn lọ. Ká má gé ewé. Ó di ìgbà tó bá pọ́n fúnra rẹ̀ ká tó dá omi dúró, ká wá gbé ìkòkò sí ibi gbígbẹ tí oòrùn kò ti ní yan án.

Ẹni tó bá fẹ́ kóró gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ tí kòkòrò oyin ń ṣe. Ihò kékeré kan ní ṣóńṣó ẹ̀yà akọ inú òdòdó yìí ni lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń gbà jáde, nítorí náà ká rọra gbọ̀n ọ́n sórí búrọ́ọ̀ṣì kékeré, ká sì fi kan ẹ̀yà abo inú òdòdó mìíràn. Ìgbà tí òtútù bá ń wọlé bọ̀ ni ká gbin kóró náà. Ní ọdún àkọ́kọ́, ewé kan ṣoṣo tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi koríko ló máa ń yọ, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè fà á tu. Ó máa ń tó ọdún 3 sí 4 kí òdòdó tó yọ.

Iṣu tí wọ́n tọ́ láti inú kóró tàbí láti ara iṣu tí èèyàn gbìn nìkan ni ká rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n wú nínú igbó. Ká bi ẹni tó ń tà á ká tó sanwó.