Àmì tó yà kúrò lórí ìlà kì í fìgbà gbogbo jẹ́ àṣìṣe

Akẹ́kọ̀ọ́ parí ìwádìí, ó ya gíráàfù. Àmì mẹ́ta tò lórí ìlà, ìkẹrin yà bàrá. Ọ̀pọ̀ á mú rọ́bà, wọ́n á pa ìkẹrin rẹ́. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé dátà tó dáa gbọ́dọ̀ tò gbọnrangandan, èyí tí kò bá tò, àṣìṣe ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí dátà la ṣe ń fa ìlà, kì í ṣe nítorí ìlà la ṣe ń kó dátà jọ.

Ẹ wo pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, ìyẹn irin kékeré tí a so mọ́ okùn tó ń fì síwá sẹ́yìn. Bí okùn bá gùn tó 50 sẹ́ńtímítà, lílọ-bíbọ̀ kan á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1.42, 75 á gba 1.74, 100 á gba 2.01. Ẹ fi rúlà kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ó búra pé ìlà títọ́ ni. Ẹ wá fa ìlà náà dé 10 sẹ́ńtímítà: á ní kí ẹ retí nǹkan bí 0.95. Aago ní tiẹ̀ á sọ 0.63.

Ẹni tó pa 0.63 rẹ́ ti lé ẹlẹ́rìí tó mọ òótọ́ jáde ní kóòtù. Ìlà náà tẹ̀ ni: bí okùn bá gùn ní ìlọ́po mẹ́rin, ìlọ́po méjì péré ni àkókò rẹ̀ máa ń di. Ẹ fi àkókò kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kí ẹ tó yà á, gbogbo wọn á tò, títí kan ti 10.

Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ ká mọ ágọ́ọ̀nù, gáàsì kan tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Lord Rayleigh, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn náítírójìn (gáàsì tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́) tó wá láti inú afẹ́fẹ́, ó rí i pé ó wúwo ju èyí tí a ṣe láti inú àwọn èròjà kẹ́míkà lọ, pẹ̀lú nǹkan bí 0.5 péré nínú 100. Ó tún un wọ̀n, ìyàtọ̀ náà kò lọ. Ní 1894, òun àti onímọ̀ kẹ́míkà William Ramsay kéde gáàsì tuntun tó fara pa mọ́ síbẹ̀: ágọ́ọ̀nù.

Àṣìṣe gidi wà o. Láti rí àkókò lílọ-bíbọ̀ kan, a sábà máa ń ka mẹ́wàá, a á sì fi mẹ́wàá pín àkókò wọn. Ẹni tó ka lílọ-bíbọ̀ mẹ́sàn-án tó pè é ní mẹ́wàá, okùn 100 rẹ̀ á fún un ní nǹkan bí 1.81. Ojú lásán kò lè fi èyí yàtọ̀ sí 0.63 tòótọ́. Ẹ tún un wọ̀n, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta. Àṣìṣe kíkà kì í sábà padà síbi kan náà. Ìṣe ẹ̀dá a máa padà. (Rúlà tí a gbé sódì náà a máa padà, nítorí náà ẹ yẹ irinṣẹ́ wò pẹ̀lú.)

Bó bá sì hàn pé àṣìṣe ni, ẹ fi í sílẹ̀ nínú tábìlì, kí ẹ má kà á mọ́ ìpíndọ́gba, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀: “A yọ 1.81 nítorí pé mẹ́sàn-án la kà dípò mẹ́wàá.” Lójú tèmi, gbólóhùn yẹn tọ́ sí máàkì ju ìlà tó tò láìní àbùkù lọ.