Bí owó ẹyọ mẹ́fà ṣe ń di ọ̀rọ̀

Oríṣi àrokò méjì ni àwọn èèyàn sábà máa ń kà sí ọ̀kan. Àkọ́kọ́ kò le: bí owó ẹyọ méjì tí wọ́n so pọ̀ bá kọjú síra, ìrẹ́pọ̀ ni, bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ọ̀rẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ojú ló ń ka irú èyí. Èkejì ni ọgbọ́n wọ̀ jù, nítorí etí ni wọ́n fi ń kà á.

Láyé àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú, ẹni tó fẹ́ kí ẹnì kan sún mọ́ òun lè sín owó ẹyọ mẹ́fà sí okùn, kó fi ránṣẹ́ sí i. Ẹni tó gbà á á kà á: ẹ̀fà. Á wá pa iye tì, á di ìró mú: fà. Ọkàn ẹni tó ránṣẹ́ fà sí i, kí òun náà fà mọ́ ọn. Tó bá gbà, ẹyọ mẹ́jọ ni yóò fi fèsì. Ẹ̀jọ, jọ: èrò àwọn méjèèjì jọra. Àmì ohùn pàápàá kò yẹ̀, dò ni fà, re ni jọ. Ìránṣẹ́ tí kò gbọ́ Yorùbá lè gbé e láti ìlú dé ìlú, kó má rí ju owó lọ.

Ohun tó bí ọgbọ́n yìí ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò ṣeé yà ní àwòrán. Ta ni yóò ya ìyè? Ní Sumer, ní ilẹ̀ tó di Ìráàkì lónìí, «ti» ni wọ́n ń pe ọfà, ìró yẹn náà sì ni ìyè, nítorí náà wọ́n ya ọfà. Orúkọ èèyàn náà kò ṣeé yà. Ní Íjíbítì, ní nǹkan bí 5,000 ọdún sẹ́yìn, wọ́n gbẹ́ ẹja àrọ̀ àti irin ìgbẹ́gi sára òkúta pẹlẹbẹ ọba kan. Ẹja náà ń jẹ́ nar, irin náà ń jẹ́ mer. Narmer ni ọba náà. Ibi tí àwòrán ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ìró báyìí ni ìwé kíkọ ti gbèrú.

Ọgbọ́n náà ṣì wà níbi ìsọmọlórúkọ. Orógbó, kí ọmọ gbó. Obì, kó bi ikú dànù. Ti oyin yàtọ̀ sí tiwọn: adùn rẹ̀ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe orúkọ rẹ̀.