Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Ló Ń Gbó Kí Ènìyàn Tó Gbó

Àgbà méjì lè jọ pé 80 ọdún, kí ọ̀kan ṣì máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ́jà, kó máa ka ṣẹ́ńjì rẹ̀ kó tó kúrò nídìí ìsọ̀, kí èkejì má sì mọ orúkọ ọmọ tó bí mọ́. Wọ́n á ní ó ń ṣàrán. Níbòmíràn, wọ́n á pe ìyá arúgbó ní àjẹ́ torí pé ó ń dá sọ̀rọ̀ lóru. Ìwà ìkà nìyẹn, àìsàn ló ń ṣe é. Ohun tó ń fà á ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ wà lára wọn, òun sì wà lára èyí tí ọwọ́ ẹni lè ká.

Ọkàn ń lù tó ìgbà 100,000 lóòjọ́. Bó bá ti lù, ẹ̀jẹ̀ á ya wọ inú iṣan, iṣan á fẹ̀ díẹ̀, á tún súnkì bíi rọ́bà. Fífẹ̀ yìí ló ń pẹ̀rọ̀ sí agbára ẹ̀jẹ̀ kó tó dé ibi ẹlẹgẹ́: ọpọlọ, kíndìnrín, ẹ̀yìn ojú. Bí ọjọ́ orí bá ń gòkè, rọ́bà náà á máa gan. Ẹni tó bá ti rí rọ́bà ìfami tó pẹ́ nínú oòrùn mọ̀ ọ́n: kò fẹ̀ mọ́, kò sì tẹ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ á wá máa gbá iṣan bí ìgbì. Bí èyí tó tóbi nínú ọpọlọ bá dí tàbí tó bẹ́, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ àwọn tín-ín-tìn-ìn, wọ́n á máa dí lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí ẹni tó mọ̀, títí ìrántí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù.

Orúkọ tí a ń pè é, ẹ̀jẹ̀ ríru, ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ènìyàn á rò pé bí ẹ̀jẹ̀ òun bá ń ru, òun á mọ̀ ọ́n lára. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ní in, orí kò fọ́ wọn, òòyì kò kọ́ wọn, wọ́n sì ń sùn dáadáa. Aṣọ tí nọ́ọ̀sì ń wé mọ́ apá, tó ń fún pinpin tó sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ló lè sọ. Nọ́ńbà òkè ni ti ìgbà tí ọkàn bá ti ẹ̀jẹ̀ jáde, ti ìsàlẹ̀ ni ti ìgbà tó ń sinmi. Bó bá ń tó 140 lórí 90 sókè ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ti di ẹ̀jẹ̀ ríru. Àṣìṣe tó dunni jù ni ti ẹni tó lo oògùn, tí nọ́ńbà wálẹ̀, tó wá ní ara òun ti yá, tó pa oògùn tì. Oògùn yẹn ló mú un wálẹ̀. Bó bá dá a dúró, á tún gùnkè.

Ibi tí iyọ̀ bá lọ, omi á tẹ̀ lé e. Bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ara, omi inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀, kíndìnrín á sì máa ṣe làálàá láti dà á jáde. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, bíi ṣíbí tíì kan tí kò ga lórí, ti ọbẹ̀ àti ti búrẹ́dì lápapọ̀. Ẹ wá wo ìkòkò ẹ̀fọ́ lórí iná: iyọ̀ ti wọlé, magí mẹ́rin tẹ̀ lé e, alásè tọ́ ọ wò ní àtẹ́lẹwọ́, ó tún bu iyọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ iyọ̀ kún inú magí náà fọ́fọ́. Irú tí wọn kò fi iyọ̀ sí, ata, àlùbọ́sà àti efinrin lè gbé ọbẹ̀ dúró, ahọ́n á sì bá a mu láìpẹ́.

Ní 1992, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn àgbà tó ti pé 65 ọdún sókè ní Ìdíkàn, n'Íbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, l'Amẹ́ríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun ló ṣáájú ti Ìbàdàn. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 100 àgbà, àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún jẹ́ 1.35 n'Íbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ baba ńlá àwọn ará Indianapolis wọ̀nyẹn ti lọ, nítorí náà ó ṣòro láti di gbogbo rẹ̀ ru ìdílé. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ti Ìbàdàn, wọn kò sì sanra tó àwọn yẹn. Ọmọ-ọmọ wọn tó ń gun ọ̀kadà láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà kò lè rò pé òun ti jogún ìlera náà.

Nígbà tí ènìyàn bá ń rìn, ẹ̀jẹ̀ á máa sáré gba inú iṣan, awọ inú iṣan á sì máa tú nitric oxide jáde, èyí tó ń mú kó dẹ̀. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ tó, ní ìrìn tó ń mú èémí yá ṣùgbọ́n tí ẹnu ṣì lè sọ̀rọ̀. Awọ yẹn kan náà ni sìgá ń bàjẹ́.

Ẹran itan náà ń joro bí a kò bá lò ó. Ẹni tí kò lè dìde lórí àga láìfọwọ́ tẹ nǹkan, kó bẹ̀rẹ̀ lórí àga gíga, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta nírọ̀lẹ́. Òru ló wá gba ìṣọ́ra jù. Bí àgbà bá ta jí tó dìde fùú láti lọ tọ̀, ẹ̀jẹ̀ lè má tètè dé orí, pàápàá bó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Òòyì á kọ́ ọ, á ṣubú, egungun ìbàdí lè dá. Kó tan iná, kó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kó sọ ẹsẹ̀ méjèèjì kalẹ̀, kí ìṣẹ́jú kan kọjá kó tó nàró.