Kọ́ìlì kì í ta irin, ó ń fà á ni

Bí èèyàn bá lọ́ wáyà kọ́pà yí páìpù ká, tó fi ìṣó sí ẹnu páìpù náà, tó wá da iná inú kapásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́) sínú wáyà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìṣó lè fò jáde lódì kejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn tó ń lọ́ kọ́ìlì fáànù ní Àkúrẹ́, ló ń sọ pé kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí a lọ́ náà, ta á. Kò ta á o. Fífà ló fà á.

Ẹ wo ewúrẹ́ àti èèpo iṣu. Ewúrẹ́ á sáré wá sídìí èèpo, ṣùgbọ́n tí èèpo bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tó dé, eré parí nìyẹn. Tí eré bá tilẹ̀ gbé e kọjá, á yíjú padà. Ẹni tó bá fẹ́ kó sáré láti FUTA dé Ọjà Ọba gbọ́dọ̀ gbé èèpo pamọ́ kí ewúrẹ́ tó fẹnu kàn án, kí ọmọ mìíràn sì ti na tirẹ̀ sókè níwájú. Àárín kọ́ìlì ni èèpo wà; kọ́ìlì tó kàn níwájú ni ọmọ mìíràn yẹn. Tí iná bá ṣì ń ṣàn lẹ́yìn tí ìṣó ti kọjá àárín, kọ́ìlì á máa fà á padà sẹ́yìn. Dáyódù, ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, tó sì ń dáàbò bo kapásítọ̀, tún ń dá kún un: ó ń jẹ́ kí iná máa yí po nínú kọ́ìlì nígbà tí kapásítọ̀ ti gbẹ.

Ojú kò lè rí èyí, ìdí tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ ṣe é lórí kọ̀ǹpútà nìyẹn. FEMM, ètò ọ̀fẹ́ tí David Meeker kọ, á ṣírò bí òòfà ṣe rí bí ìṣó ṣe ń wọlé ní mìlímítà kọ̀ọ̀kan. Á tún fi hàn pé irin máa ń yó: tí òòfà inú rẹ̀ bá ti tó nǹkan bí tẹ́sílà 2 (òṣùwọ̀n òòfà ni tẹ́sílà), iná tí a ń kì sí i kò fi bẹ́ẹ̀ lérè mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé àkókò sí wẹ́wẹ́, ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá: iná mélòó, ìfà mélòó, eré mélòó, ibo ni ìṣó dé? Wọ́n á tún un ṣe bí ìgbà 3,000.

Tí kọ̀ǹpútà bá parí, èmi a kọ́kọ́ wo ìwé ìṣirò agbára tó gbé jáde bí ẹni ń yẹ káàdì alájọ wò. Kapásítọ̀ 1000 µF tó gba 400 V gbé 80 J (júùlù, òṣùwọ̀n agbára). Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn: ooru inú wáyà ló sábà máa ń jẹ èyí tó pọ̀ jù, ìṣó á mú díẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà bá ní ìṣó gba 90 J, àṣìṣe wà níbì kan nìyẹn; ó lè jẹ́ pé wọ́n gé àkókò tóbi jù. Ìṣó ti fo àárín kọjá láàárín ìṣirò méjì, kò sẹ́ni tó rí i.