Ọdún Tí Ọ̀sán Dòru

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo bi ìyá tó bí ìyá mi léèrè pé ọdún wo ni wọ́n bí wọn. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń bó lọ́wọ́, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. "A ò kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tiwa. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí ọ̀sán dòru, mo ti ń kiri ẹ̀kọ." Mo rò pé àlọ́ ni wọ́n fẹ́ pa fún mi. Ni wọ́n bá sọ bí oòrùn ṣe ń ràn tí ilẹ̀ ṣàdédé ṣú, bí adìyẹ ṣe wọlé lọ sùn, bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń sáré bọ̀ láti oko, àti bí ìyá wọn ṣe ń pariwo orúkọ wọn kiri àdúgbò.

Mo ti wà ní yunifásítì kí n tó ka ọjọ́ yẹn nínú ìwé: ọjọ́ 20, oṣù karùn-ún, ọdún 1947. Òṣùpá ló bo oòrùn lójú. Òjìji rẹ̀ ti Bùràsíìlì gba orí òkun wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ọmọ tó ń kiri ẹ̀kọ bá tó ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá, a jẹ́ pé nǹkan bí 1937 sí 1939 ni wọ́n bí ìyá àgbà. Ohun tí mo pè ní àlọ́ ni ìdáhùn gan-an.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní ìtàn. Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń bi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé pé kí ló kọ́kọ́ fà wọ́n síbi ìtàn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan dárúkọ ọba tàbí ìwé. Ohun tó wà nínú ilé wọn ni wọ́n máa ń sọ.

Ọmọbìnrin kan ní inú àpótí ìyá bàbá òun ni òun ti rí àdìrẹ kan tí àwòrán ọba òyìnbó àti ayaba rẹ̀ wà láàárín rẹ̀. Olóbà ni wọ́n ń pe aṣọ náà. Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ayaba Mary ni àwọn méjèèjì. Ní 1935, ọba náà pé ọdún 25 lórí oyè, wọ́n sì ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní gbogbo ibi tí ìjọba wọn dé. Àwọn oníṣẹ́ àdìrẹ wa gé páànù, wọ́n gba ojú rẹ̀ fi ẹ̀kọ ya àwòrán sára aṣọ, wọ́n wá rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní mú un dáadáa. Ọmọ náà ò dúró síbẹ̀. Ó fẹ́ mọ ìdí tí obìnrin Yorùbá fi máa fi owó ara rẹ̀ ra àwòrán ọba tó ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn. Ṣé ìyìn ni, àbí ẹwà aṣọ lásán? Ìbéèrè yẹn ló gbé e dé kíláàsì mi. Mi ò tíì rí ìwé ilé ẹ̀kọ́ tó lè fa ọmọ tó bẹ́ẹ̀.

Ti ọmọkùnrin kan láti Ìbàdàn, oríkì ni. Ìyá rẹ̀ a máa kí i ní àràárọ̀ pé "ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí", òun sì rò pé Ìkòyí ti Èkó ni. Rárá o. Abẹ́ Ọ̀yọ́ Ilé ni Ìkòyí tí à ń kì yìí wà, Oníkòyí sì ni olórí àwọn ọba Ẹkùn Òsì, ọ̀kan nínú àwọn ẹkùn ìjọba Ọ̀yọ́. Nígbà tí ogun tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká, tí Ọ̀yọ́ Ilé fúnra rẹ̀ sì dahoro ní àwọn ọdún 1830, ọ̀pọ̀ èèyàn ṣí wá sí ìsàlẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì wọ Ìbàdàn, tó jẹ́ ibùdó àwọn jagunjagun nígbà náà. Ìlú tú, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu ìyá ọmọ ní àárọ̀. Lójú tèmi, kò sí ọ̀nà ìtàn tó sún mọ́ ọmọ Yorùbá ju oríkì orílẹ̀ lọ, ó sì ń dùn mí pé àwọn ìyá tó mọ̀ ọ́n kì ń dín kù.

Samuel Johnson pàápàá, àlùfáà tó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá, inú ilé ni ìbéèrè ti bá a. Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1846, Ìbàdàn ló ti dàgbà, àárín ogun ló sì ti lajú. Ní 1886, òun àti Charles Phillips ni gómìnà Èkó rán sáàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ láti pẹ̀tù sí ogun Kírìjì. Ó rí i pé àwọn tó kàwé láyé ìgbà náà mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, wọn ò sì mọ ti ilé. Ó lọ ń bi àwọn arọ́kin, ìyẹn àwọn apìtàn ààfin Ọ̀yọ́, àti àwọn àgbà léèrè, ó sì parí ìwé rẹ̀ ní 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọ nù ní Ìlú Ọba. Ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù tún un kọ, ó sì jáde ní 1921.

Láti nǹkan bí 2009, fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò kọ́ ìtàn lọ́tọ̀ mọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìpele kékeré girama ní Nàìjíríà. Ilé nìkan ló kù fún àwọn ọmọ ìgbà yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin òbí: bí ọmọ bá béèrè ohun àtijọ́, ẹ má sọ fún un pé ohun tó ti lọ ti lọ. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ rán an sí àgbà tó mọ̀ ọ́n.

Kó má béèrè ọdún o. Àgbà tí kò kàwé lè tijú, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Kó béèrè pé, "Màmá, nígbà ogun Hitler, ẹ ti tó ẹni tó ń pọnmi? Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ṣé wọ́n mú yín lọ sílé ìwé, àbí ẹ ti wà nílé ọkọ?" Ohun tí wọ́n bá rántí ni ọmọ máa fi ṣírò ọdún. Ogun Hitler jẹ́ 1939 sí 1945. Oṣù kìíní 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Oṣù kìíní 1973 ni náírà gba ipò pọ́n-ùn. Láàárín àwọn Ẹ̀gbá, ogun Àdùbí ti 1918 ṣì máa ń jẹ yọ nínú ohun tí àwọn àgbà gbọ́ lẹ́nu òbí wọn. Àmọ́ kó ṣọ́ra pẹ̀lú ọ̀sán tó dòru, nítorí òṣùpá tún bo oòrùn ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 2006, àwọn mìíràn sì máa ń da méjèèjì pọ̀.

Kó fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Kó má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn, kódà bí wọ́n bá ṣì í sọ. Lẹ́yìn náà, kó lọ bá àgbà mìíràn lọ́tọ̀. Bí ìtàn méjèèjì ò bá dọ́gba, ẹ má ṣe bẹ̀rù; bí wọ́n ṣe ń sọ ogun Kírìjì ní Ìbàdàn kọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ ní Iléṣà, ibẹ̀ gan-an ni ọmọ ti máa ń fẹ́ mọ̀ sí i.

Èmi náà, ìbéèrè kan ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ ṣú lójijì, mo mọ̀ pé ìyá wọn wá wọn kiri. Ṣùgbọ́n igbá ẹ̀kọ tó wà lórí ìyá àgbà lọ́jọ́ yẹn, ṣé wọ́n gbé e délé, àbí wọ́n jù ú sílẹ̀ sá lọ? Wọ́n ti kú kí n tó rántí béèrè.